Kọ́bọ̀ Tí Kò Tíì Ná Ọjà

Mo kí ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà Ìkọ̀lé níhìn-ín tó pa ìpàtẹ tì nítorí ọ̀rọ̀ tí ẹ kò tíì mọ̀ bóyá yóò dùn. Lórí owó àtijọ́ ni àwọn tó pè mí ní kí n sọ̀rọ̀. Nígbà tí ìwé ìpè náà dé, aládùúgbò mi kan bi mí pé, "Tíṣà, ṣé owó tí kò ṣeé ná mọ́ yẹn náà lẹ fẹ́ fi odidi wákàtí kan sọ?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ó dára, pé èyí tó ṣeé ná kì í pẹ́ lọ́wọ́ òun tó ohun tí a lè sọ̀rọ̀ lé lórí.

Agolo mílíìkì kan ló wà níwájú mi yìí. Ohun tó wà nínú rẹ̀ tó ọgọ́rin ẹyọ owó: onínì, kọ́bọ̀ oníhò, tọ́rọ́, sísì, ṣílè, títí dé náírà onírin tí ìjọba gbé jáde tí ẹnikẹ́ni kò bá wọn ná. Tí mo bá parí ọ̀rọ̀, agolo yìí yóò lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́ nínú gbọ̀ngàn yìí. Ẹ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ẹ mú èyí tó bá wù yín, ẹ fi ọwọ́ pa á. Ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, bí ẹnikẹ́ni bá nawọ́ sí owó mi báyìí, ǹ bá ti gbá ọwọ́ náà dànù.

Bàbá mi ń dáko kòkó lápá Ìtàpá, ó sì ní kóló amọ̀ kan tí a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Nígbà tí a fọ́ ọ lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀, owó tó dà sílẹ̀ kò ṣeé fi ra nǹkan kan mọ́, náírà ti gba ipò rẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní kí n máa kó o lọ, nítorí èmi ni mo fẹ́ràn ìwé. Mi ò mọ ohun tó pa ìwé àti kóló pọ̀, àmọ́ mo kó o. Láti ìgbà náà, ibikíbi tí wọ́n bá gbé mi lọ kọ́ni, ní Ìdó, ní Ìfàkì, ní Òmùò, mo máa ń tọrọ owó àtijọ́ lọ́wọ́ àwọn àgbà. Bí mo bá rí méjì gbà, inú mi a dùn fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ìgbà tí mo fẹ̀yìn tì, tí mo sì ra fóònù tó ń wo ayé, ni àìsàn náà kì mí mọ́lẹ̀. Àìsàn máàkì ni mo ń pè é. Ẹ̀yin tí ẹ kò bá mọ ètò fífún owó ní máàkì, bó ṣe rí nìyí. Ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ William Sheldon gbé ìwé jáde ní 1949 lórí sẹ́ǹtì bàbà àtijọ́ ilẹ̀ wọn, ó sì to ipò owó láti 1 dé 70. Owó tó gba 1 ti jẹ débi pé agbára káká la fi mọ ohun tó jẹ́. Èyí tó gba 70 dà bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ já bọ́ lẹ́nu ẹ̀rọ, tí afẹ́fẹ́ pàápàá kò tíì fẹ́ sí i. Ní 1986 àti 1987, ilé iṣẹ́ méjì bẹ̀rẹ̀ lọ́hùn-ún, PCGS àti NGC, tó jẹ́ pé ẹnikẹ́ni lè fi owó rẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn: wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á fún un ní máàkì, wọ́n á sì sé e mọ́ inú ike líle. Ìyàtọ̀ máàkì kan ṣoṣo, tí ojú lásán kò lè rí, lè sọ iye owó kan di ìlọ́po mẹ́wàá.

Èmi tí mo fi ọdún márùndínlógójì fún ọmọ ọlọ́mọ ní máàkì, ó yẹ kí n ti mọ̀ pé máàkì kì í ṣe ọmọ. Mi ò mọ̀. Mo kó sí i dé ọrùn. Ó sì yẹ kí ìtàn Sheldon fúnra rẹ̀ ti kọ́ mi lọ́gbọ́n. Nígbà tó yá, àṣírí tú pé ọkùnrin tó kọ́ gbogbo ayé bí a ṣe ń fún owó ní máàkì yìí ti ń jí sẹ́ǹtì tó dára kó nínú àkójọ American Numismatic Society ní New York, ó sì ń fi tirẹ̀ tí kò dára tó bẹ́ẹ̀ rọ́pò wọn. Ẹ ò rí nǹkan! Kò jí owó nítorí pé kò ní irú rẹ̀ nílé. Ó ní in. Máàkì ló jí.

Èmi kò jalè, àmọ́ mo ba nǹkan jẹ́. Mo ní ṣílè fàdákà kan ti 1913, tí ìyá àgbà kan fún mi ní Ayédé. Ó ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo ní tí mo bá lè mú kó tàn, máàkì rẹ̀ á gòkè. Mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, mo bu eérú lé e, mo fi kànìnkànìn ha á títí ó fi ń kọ mànà. Mo yọ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ni mo tó mọ ohun tí mo ṣe. Ẹni tó bá mọ owó, tó bá gbé e síbi ìmọ́lẹ̀, á rí ojú ìlà wẹ́wẹ́ ẹgbẹ̀rún tí eérú fà sí i lára. Owó tí wọ́n bá ti ha báyẹn, àwọn onímáàkì kì í fún un ní nọ́ńbà, wọ́n á kàn kọ ọ́ sí i lára pé wọ́n ti fọ̀ ọ́. Ọgọ́rùn-ún ọdún ni dúdú yẹn fi gun orí fàdákà náà. Ìrọ̀lẹ́ kan ni mo fi bó o.

Kí ẹ̀dùn ọkàn ohun tí mo bà jẹ́ yẹn lè tán lára mi, mo ra kọ́bọ̀ 1936 kan láti òkè òkun, inú ike, máàkì 65. Owó tí mo san lé e tó ra àpò ìrẹsì kan. Nígbà tó dé, mo gbé e lé tábìlì, mo ń wò ó. Ìyàwó mi wò ó pẹ̀lú mi fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní, "Bàbá Fẹ́mi, ṣé owó lèyí àbí fọ́tò owó?" Mo bínú sí i. Àmọ́ láti alẹ́ ọjọ́ yẹn, mi ò gbé agolo mi sọ̀kalẹ̀ mọ́ fún ohun tó lé lọ́dún kan.

Ohun tó dá mi padà ni ọ̀wọ́n owó. Gbogbo wa la rántí ìbẹ̀rẹ̀ 2023, nígbà tí ìjọba ní kí a kó igba náírà, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta àti ẹgbẹ̀rún àtijọ́ wá, tí tuntun kò sì sí. Ẹni tó ní mílíọ̀nù ní báńkì kò rí owó ra ata. Mo wọ ọjà Ìkọ̀lé lọ ra irú. Ìyá tí mo máa ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ ti lé ní ọgọ́rin ọdún, kò sì gba tíránsífà. Mo ki ọwọ́ bọ àpò láti fi hàn án pé òfìfo ni. Ohun tó já bọ́ ni kọ́kọ́rọ́ ilé mi. Mo so kọ́bọ̀ oníhò kan mọ́ ọn, èyí tó ti jẹ tán, tí kò ní máàkì kankan tí yóò gbà, ìyẹn ló jẹ́ kí n sọ ọ́ di ohun ìdè kọ́kọ́rọ́.

Ìyá yìí mú un. Kò wò ó. Ó di ojú, ó fi àtàǹpàkò ra á lójú àti ní ẹ̀yìn, ó ki ọmọ ìka rẹ̀ kékeré sí ojú ihò náà, kò wọlé. Ó ní, "Kọ́bọ̀ ni. Ìka mi a máa wọ ojú rẹ̀ nígbà kan." Ó wá rẹ́rìn-ín. Ó ní òun mọ̀ ọ́n nínú òkùnkùn, nítorí ìdájí ni ìyá òun máa ń rán òun lọ ra epo, kò sì sí àtùpà. Ó bu irú fún mi lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ní, "Tíṣà, ṣé ẹ tún ní irú rẹ̀ nílé?"

Mo gbé agolo náà wá ní ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e. Ó da gbogbo rẹ̀ sórí itan, ó ń ṣà wọ́n bí ẹni ṣa ẹ̀wà. Ọwọ́ rẹ̀ kò ṣì. Onínì rèé, ó fẹ́lẹ́. Tọ́rọ́ rèé, onígun méjìlá, èyí tó wá ní 1959. Sísì rèé. Ó mú ṣílè 1913 tí mo bà jẹ́, ó fi èékánná ta á, ó gbé e sí etí. "Ṣílè funfun. Ìyá mi ní ṣílè funfun ni ṣílè, pupa kàn ń jẹ́ orúkọ ni." Mo dákẹ́. Láti inú ìwé ni mo ti mọ̀ pé 1920 ni wọ́n dẹ́kun fífi fàdákà rọ owó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, nítorí pé fàdákà gbówó lórí lẹ́yìn ogun, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi idẹ rọ ọ́. Obìnrin yìí kò ka ìwé náà. Ẹnu ìyá rẹ̀ ló ti gbọ́ ọ, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sùn. Ó tún mọ ohun tí ìwé mi kò sọ fún mi: pé tí wọ́n bá ta ọjà tán, wọ́n á fi òwú la ojú kọ́bọ̀ oníhò kọjá, wọ́n á so ó mọ́ ìdí, wọ́n á sì mọ bí ọjà ṣe tà tó nípa bó ṣe ń dún nígbà tí wọ́n bá ń rìn lọ sílé.

Níbi tí mo jókòó sí lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yẹn ni ìgbádùn náà ti padà bá mi. Ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan díẹ̀ hàn yín nínú ohun tí mo ti rí láti ìgbà náà, nínú owó tí kò lè gba 20 nínú 70.

Ẹ mú onínì. Òun ni ìdá kan nínú mẹ́wàá kọ́bọ̀. Àwọn òyìnbó kọ́kọ́ rọ ọ́ ní 1907, òun àti kọ́bọ̀ oníhò, orúkọ Nàìjíríà sì wà lára rẹ̀ kí Àríwá àti Gúúsù tó di ọ̀kan rárá. Aluminíọ̀mù ni wọ́n kọ́kọ́ fi rọ onínì. Òógùn wa àti ọ̀rinrin ilẹ̀ wa jẹ ẹ́. Láàárín ọdún kan wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀ sí irin tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni fi nílò owó tó kéré tó bẹ́ẹ̀? Nítorí owó ẹyọ ni. Láti erékùṣù Maldives nínú òkun Íńdíà ni ẹyọ kéékèèké ti wá. Ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn oníṣòwò Hamburg ní Jámánì tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ ojú omi kó irú rẹ̀ tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ wá láti Zanzibar, títí ẹyọ fi kún ìlú tí iye rẹ̀ sì já wálẹ̀. Nígbà tí ọ̀rúndún yẹn ń parí, ọ̀kẹ́ kan, ẹgbàá mẹ́wàá ẹyọ, ń lọ fún nǹkan bí ṣílè márùn-ún. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ẹgbàá kan jẹ́ sísì, kọ́bọ̀ kan jẹ́ nǹkan bí 333 ẹyọ, onínì kan sì jẹ́ 33. Ogójì ni wọ́n ń sín sójú òwú kan láyé ọjọ́un. Onínì kan kò tó ogójì, àmọ́ ó sún mọ́ ọn tó kí ìyá alákàrà lè gbà á láìjà. Ọ̀kẹ́ kan lé ní ogún kílò lórí ẹni tó rù ú. Ṣílè márùn-ún wọ inú ìkúùkù. Ìdí nìyẹn tí àwọn alábàárù kò fi ṣọ̀fọ̀ owó ẹyọ rí, bí àwa akọ̀wé ṣe máa ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kọ́bọ̀ náà tún ń pa mí lẹ́rìn-ín. Orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì ń pe bàbà la yí sí kọ́bọ̀, àmọ́ èyí oníhò tí ìyá yìí mú kì í ṣe bàbà pọ́nńbélé, nikẹ́ẹ̀lì wà nínú rẹ̀, ó sì funfun. Nígbà tí náírà dé ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1973, ìjọba mú orúkọ tí ọjà fún owó òyìnbó, wọ́n fi sọ owó tuntun. Kọ́bọ̀ 240 ló ń wọ pọ́n-ùn tẹ́lẹ̀, ọgọ́rùn-ún ló wá ń wọ náírà, náírà kan sì jẹ́ ṣílè mẹ́wàá. Nítorí náà, bí àgbà kan bá ń sọ fún yín pé òun ra nǹkan ní kọ́bọ̀ mẹ́ta, ẹ kọ́kọ́ bi í pé ọdún wo. Kọ́bọ̀ bàbá mi kì í ṣe kọ́bọ̀ tèmi.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀ ni èyí, mi ò sì rà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ìgbà tí mo to owó sórí ẹní ni mo rí i. Ẹ mú ṣílè 1913. Igi ọ̀pẹ ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ mú ṣílè 1959, èyí tí orí ọbabìnrin Elizabeth wà níwájú rẹ̀: ọ̀pẹ ni. Ẹ wá mú kọ́bọ̀ mẹ́wàá ti 1973, tí iye rẹ̀ jẹ́ ṣílè kan gẹ́lẹ́: ọ̀pẹ. Ẹ padà sórí sísì 1959: kòkó ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Kọ́bọ̀ márùn-ún ti 1973, tó gba ipò sísì: kòkó. Ṣílè méjì ní ẹ̀pà, kọ́bọ̀ márùndínlọ́gbọ̀n náà ní ẹ̀pà. Àwọn tó ya àwòrán wọ̀nyí mọ̀ pé ìyá tó ń ta ọjà ní Ìlúpéjú lè má mọ̀wé, àmọ́ ó mọ ọ̀pẹ. Ìgbà tí ìjọba ń yí gbogbo nǹkan padà nìyẹn. Oṣù kẹrin 1972 ni wọ́n ní kí ọkọ̀ fi apá òsì sílẹ̀ kó máa gba apá ọ̀tún. Wọ́n yí ọ̀nà, wọ́n yí owó, àmọ́ wọ́n fi kòkó sílẹ̀ síbi tó wà. Abájọ tí àwọn òbí wa fi ń pe kọ́bọ̀ márùn-ún ní sísì tí wọ́n sì ń pe kọ́bọ̀ mẹ́wàá ní ṣílè fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. A máa ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ pé wọn kò lajú. Ohun tó wà lẹ́yìn owó ni wọ́n ń kà. Ẹni tó bá ń wá máàkì kò ní to àwọn owó yìí pọ̀ láé, nítorí inú ike ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n máa wà.

Wọ́n gbé àwọn owó onírin mìíràn jáde ní 1991, pẹ̀lú orí Herbert Macaulay lára náírà kan. Ní 2007 wọ́n tún gbé àádọ́ta kọ́bọ̀, náírà kan àti náírà méjì wá. Ọjà kọ̀ wọ́n. Mo ní náírà méjì ti 2007 mẹ́rin nínú agolo yìí, wọ́n mọ́ roro, kò sí àpá kankan lára wọn, nítorí kò sẹ́ni tó fi wọ́n ra nǹkan. Bí ó bá jẹ́ pé máàkì ni gbogbo rẹ̀, a jẹ́ pé owó tí ọjà kọ̀ ni yóò máa gba ipò kìíní.

Mi ò bú àwọn onímáàkì o. Ayédèrú owó pọ̀ níta, ojú tó mọ iṣẹ́ wúlò. Ẹni tó bá fẹ́ ta ohun ìní bàbá rẹ̀ kí àwọn ọmọ lè pín in, kó lọ gba máàkì kí ẹnikẹ́ni má baà rẹ́ ẹ jẹ. Àmọ́ ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kò dìgbà tí ẹ bá lówó. Ẹ lọ bá ìyá ìyá yín. Ẹ má fọ owó náà, mo bẹ̀ yín. Ẹ ti gbọ́ tèmi. Ẹ má sì kó o sínú àpò ike rírọ̀ olówó pọ́ọ́kú, nítorí bí ọdún bá ti ń gorí ọdún nínú ooru wa, ike náà máa ń làágùn, ohun aláwọ̀ ewé kan tó ń lẹ̀ á sì máa jẹ owó yín. Àpòòwé kékeré tó. Ẹ kọ ọ́ sí i lára: ta ló fún mi, ní ìlú wo, kí ló rà rí. Ìlà mẹ́ta yẹn kò sí nínú ike kankan ní Amẹ́ríkà.

Ó ku ti kọ́bọ̀ 1936.

Ọba Edward kẹjọ gorí oyè ní oṣù kìíní ọdún yẹn, ó sì fi oyè sílẹ̀ ní oṣù kejìlá nítorí obìnrin tó fẹ́ fẹ́. Kí wọ́n tó rọ owó tí orí rẹ̀ wà lára rẹ̀ fún Lọ́ńdọ̀nù láti ná, ó ti lọ. Àmọ́ owó oníhò tiwa kò nílò orí ọba, adé àti orúkọ ti tó, nítorí náà wọ́n ti rọ ọ́, wọ́n sì ti kó o wọlé. Ìyẹn ni pé alákàrà ní Ìkọ̀lé ná owó orúkọ ọba kan tí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù fúnra wọn kò ná rí. Wọ́n rọ púpọ̀ nínú rẹ̀, kò sì wọ́n, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé máàkì gíga nìkan ni àwọn olówó ń wá nínú rẹ̀. Èyí tí mo rà nìyẹn.

Ní alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ ọjà kejì, mo gbé ike náà lé orí òkúta ẹ̀yìnkùlé, mo fi òòlù fọ́ ọ. Ìyàwó mi jáde wá wò ó bóyá orí mi pé. Ní ọjọ́ kejì mo fi kọ́bọ̀ náà lé ìyá onírú lọ́wọ́. Ó di ojú. Ó ra á, ó tún un ra. Ó la ojú.

"Tíṣà, èyí kò tíì ná ọjà."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ìdí tó fi wọ́n nìyẹn. Ó bi mí pé ọdún wo ni wọ́n rọ ọ́. Mo sọ fún un. Ó ní, "Ó jù mí lọ, kò sì tíì dé ọjà?" Ó tú etí ìró rẹ̀, ó so ó pọ̀ mọ́ náírà tó ti fọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ tó pa láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó sì ń bá irú rẹ̀ lọ. Mi ò lè gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni mi ò sùn dáadáa lóru ọjọ́ yẹn.

Ọjọ́ ọjà mẹ́rin ló gbé e ṣe. Nígbà tó dá a padà, dídán iwájú rẹ̀ ti ń lọ, àmì èékánná kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ adé náà. Òun ni mo fi sókè pátápátá nínú agolo yìí. Kí ẹ tó gbé e fún ẹni tó tẹ̀ lé yín, ẹ gbé e sí imú. Irú ló ń rùn.